Igi tí Bàbá Àgbà Gé fún Àsíá Òyìnbó

Oko wa kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n Etí-Òkun ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ẹ bá jáde ní Manigri, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Bàsìlà, tí ẹ ré odò kékeré kan kọjá, tí ẹ sì gun òkè díẹ̀ láàárín àwọn igi òrí, ẹ ti dé Etí-Òkun nìyẹn. Omi iyọ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn ará Bàsìlà tó máa ń wá ra iṣu lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń sọ èdè Anii láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ń fi èdè tiwa dúnàádúrà, kì í yé béèrè pé, "Òkun ọ̀hún dà?" Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, á fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀: "Èmi ni mo gbé e wálé. Ẹ rọra máa tẹlẹ̀ o, kó má baà gbé yín lọ." Wọn á rẹ́rìn-ín, àwa ọmọdé náà á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti darúgbó ju bí òun ti darúgbó nígbà yẹn lọ. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ, ẹnu mi kò sì tíì dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí òkun títí di òní. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Èyí tí Bàbá Àgbà gbé wálé tó mi.

Ìtàn náà kì í gùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń fi ojú àpá ṣe fáàrí. Ìgbà tó bá ń gé iṣu gbìn lábẹ́ igi òrí ló máa ń sọ ọ́. Ogun ló kó o nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Wọ́n mú un rìn lọ sí gúúsù títí ilẹ̀ fi tán tí omi fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tà á fún ọlọ́lá kan tó ní oko àgbọn àti oko ẹ̀gẹ́ létí òkun. Ó ní ọkùnrin náà kò di ọkọ́ mú rí láyé, síbẹ̀ kò lè la ẹnu kí "oko mi" má jáde: ẹ má tẹ oko mi, ẹ tún oko mi ro, ta ló jí àgbọn nínú oko mi? Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ìgbà tó yá, ogun ká ọlọ́lá mọ́. Ọkùnrin yìí ṣí yàrá, ó kó ìbọn jáde, ó pín in fún àwọn ẹrú, ó gun orí àpótí, ó kígbe pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jà fún oko yín!" Bí ìtàn bá dé ibẹ̀ yẹn, Bàbá Àgbà á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á wo ojú wa. "Ṣé ẹ gbọ́? Oko yín! Ọjọ́ tí ikú dé ni oko di tiwa." Wọ́n jà. Ọta bà á léjìká, apá òsì rẹ̀ kò sì ga kọjá etí mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà kú sábẹ́ igi àgbọn, ṣùgbọ́n oko náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́lá. Bí èéfín ti ń lọ, ọlọ́lá tún yọ síta: "Ìbọn dà? Ẹ kó wọn wá. Ọkọ́ rèé, koríko ti bo oko mi." Bàbá Àgbà dá ìbọn padà, ó gba ọkọ́. Ọkọ́ yẹn gan-an ló gbé léjìká sá wálé, ó di igi ẹ̀gẹ́ mélòó kan mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tó dé Manigri, wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀ tán, àwọn tó bí i náà sì ti lọ. Ó wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ó fi ọkọ́ ọlọ́lá ṣán an, ó sì sọ ọ́ ní Etí-Òkun kí òun má baà gbàgbé ìgbà tí àwọn èèyàn ńlá máa ń pe oko ní tìrẹ.

Nínú oko yẹn ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Ariwo ilé wa kò jọ ti ilé mìíràn. Kí ojú tó là, àwọn ẹtù tí Ìyá Àgbà ń sìn á ti máa ké lórí òrùlé, Ìyá Àgbà náà á sì máa bá wọn ké: "Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yin olè! Ta ló ní kí ẹ máa sùn lórí koríko mi?" Ìyàwó Bàbá Àgbà ni, òun ló bí bàbá mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tì í. Lẹ́yìn náà la ó gbọ́ odó. Iyán ìrọ̀lẹ́ kì í jọ iyán ibòmíì, ó máa ń gún un títí odó fi ń kọrin gbì-gbì, ọbẹ̀ ilá á máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irú á ta sánsán dé etí odò. Nígbà tí iṣu bá tán láká, tí tuntun kò sì tíì jáde, gààrí ni a ń jẹ, àwọn ará ìlú á sì yínmú sí wa pé oúnjẹ ẹrú ni Bàbá Etí-Òkun fi ń tọ́ ọmọ. Ìyá Àgbà kì í bínú. "Oúnjẹ ẹrú kọ́?" ni yóò wí. "Ẹ bá mi sọ fún ikùn yín kó má gbà á nígbà tí ẹ bá wá tọrọ rẹ̀." Wọ́n sì máa ń wá tọrọ rẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ tèmi ni láti fi koríko dé ebè lórí nígbà ọyẹ́. Bàbá Àgbà ní ebè tí kò bá dé fìlà, oòrùn á se iṣu inú rẹ̀ jinná kí àwa tó jẹ ẹ́. Bí òjò bá ti wá bẹ̀rẹ̀, tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí ta okùn, a ó gé ọ̀pá, a ó ri í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè kí iṣu rí nǹkan gùn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní ìwà igi. Ó máa ń fi àtàńpàkò họ èèpo igi díẹ̀, á sì fi abẹ́ rẹ̀ hàn mí. "Igi kan wà, bí o bá gé e, ikú rẹ̀ nìyẹn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé gígé rẹ̀ ni ìbí rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Igi gbígbẹ fún iṣu ọdún kan, igi tútù fún ẹni tó fẹ́ dúró pẹ́." Èmi rò pé ọ̀rọ̀ iṣu ló ń sọ. Ọmọdé gọ̀, àbí kí ni n bá tún wí?

Ọdún tí mò ń sọ yìí, iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta okùn nígbà tí òyìnbó yọ. A ti ń gbọ́ nípa wọn. Wọ́n ní oríṣi méjì ni wọ́n, pé wọ́n ń sáré lé ara wọn kiri, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ta aṣọ rẹ̀ sókè níbì kan ló ni ibẹ̀. A fi í rẹ́rìn-ín. Ta ló gbọ́ pé aṣọ ń jogún ilẹ̀ rí? Àfi bí òyìnbó kan ṣe gun òkè wa wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun àti àwọn aláàárù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, ògbufọ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú fìlà pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ògbufọ̀ náà. Ó ń sọ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí iyọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí etí òkun ni wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ni ogun kó lọ síbẹ̀. Òyìnbó wo ọ̀nà lápá Bàsìlà, ó wo ọ̀nà lápá Manigri, ó wo odò nísàlẹ̀, ó sì fi bàtà gún ilẹ̀ láàárín ebè. Wọ́n ránṣẹ́ pe baálẹ̀ àti gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá fojú rí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Tọkùnrin tobìnrin ló dé, a kún inú oko náà fọ́fọ́.

Ògbufọ̀ sọ pé, "Òyìnbó kí yín. Ó ní ibí yìí dára, ibẹ̀ ló fẹ́ ta àsíá rẹ̀ sí. Òyìnbó kejì ń bọ̀ láti apá Bàsìlà, èèyàn burúkú ni. Bí àsíá tiwa bá wà níbí títí a ó fi ti ìrìn-àjò wa dé, kò ní lè fọwọ́ kan oko yín." Bàbá Àgbà gbé orí sókè. "Kí lo pè é?" "Àsíá, Bàbá." "Kì í ṣe ìyẹn. Kí lo pe oko?" "Oko yín." "Tún un wí." "Oko yín ni, Bàbá." Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, "Nígbà tí ẹ bá padà dé ńkọ́?" Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "A ó kọ́ ilé àwọn ọmọ ogun síbí. Ẹ̀yin á kó lọ sí ìlú. Ẹ ó ṣì máa wá gbin iṣu, ṣùgbọ́n ilé náà ni ẹ ó máa gbìn ín fún." Gbogbo wa gbọ́ ọ. Bàbá mi fa ọkọ́ mọ́ra, baálẹ̀ sì di í lápá mú: "Ẹ fara balẹ̀ o, ẹ ò rí ìbọn lọ́wọ́ wọn ni?" Òyìnbó tún sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní kí wọ́n wá igi gígùn kan tó tọ́. Kò sí ẹni tó mira. Ìgbà yẹn ni Bàbá Àgbà sọ pé, "Èmi ni n ó gé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e lẹ́yìn mi. Ọwọ́ tèmi ni yóò sì ri í mọ́lẹ̀."

Háà! Ojú tì mí lọ́jọ́ náà débi pé mo fẹ́ wọnú ebè. Ìyá Àgbà ju ọmọorógùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ìlú. "Baálé mi, ẹ̀yin tí ẹ kọ ẹrú létí òkun, ẹ̀yin náà lẹ wá fẹ́ máa gégi fún wọn nílé?" Bàbá Àgbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú àdá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó sì padà, ọ̀pá gígùn kan tó tọ́ gbọnrangandan wà léjìká rẹ̀ tó dáa, kò ku ewé kan lára ọ̀pá náà. Ọmọ ogun kan fẹ́ bó èèpo rẹ̀ kó lè dán. Bàbá Àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Sọ fún un pé bí wọ́n bá bó o, ikán á jẹ ẹ́." Ògbufọ̀ sọ ọ́, òyìnbó mi orí pé ọlọ́gbọ́n ni arúgbó yìí. Bàbá gbẹ́ ihò tó jìn, ó gbé ọ̀pá sínú rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ ki ilẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ní kí n lọ pọn omi wá. Ó da omi náà sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè. Òyìnbó yọ fìlà. Ó rò pé wọ́n ń bọlá fún aṣọ òun ni! Wọ́n so aṣọ náà sókè, wọ́n yìnbọn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sunkún. Ògbufọ̀ wá kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ọ̀pá yìí, tàbí tó tú aṣọ yìí, okùn ni wọn yóò fi dè é lọ. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ìlú!" ni Bàbá Àgbà fi ohùn òkè sọ. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Bí wọ́n ti lọ, ìyà wa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko á dúró lójú ọ̀nà, wọn á kí Bàbá Àgbà pé, "Bàbá Aláṣọ, aṣọ ti gbẹ bí?" Ìyá Àgbà ń gbé iyán ka iwájú rẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀. Ilé wa tó máa ń pariwo dákẹ́ lọ gbári, àwọn ẹtù nìkan ló ku tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà jẹun tirẹ̀, ó ń lọ sóko tirẹ̀, ó sì ń pàṣẹ pé kí a kọ ebè yí ọ̀pá náà ká bí a ti máa ń kọ ọ́, kí a má fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgbìn. Òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn. Ní àárọ̀ kan, mò ń tu koríko nídìí ebè, mo gbé ojú sókè, mo rí ewé kékeré tútù yọ̀yọ̀ lára ọ̀pá náà, mo rí òmíràn lókè rẹ̀. Mo ju ohun ọwọ́ mi nù, mo sáré. "Bàbá Àgbà! Igi òyìnbó ti hù!" Kò tilẹ̀ yí ojú padà. "Igi ta ni?" "Igi òyìnbó." "Padà lọ wò ó dáadáa, kí o pe ìyá rẹ àgbà." Ìyá Àgbà dé, ojú rẹ̀ le koko. Ó wo ewé náà láìfọwọ́ kàn án, ó tún súnmọ́ ọn, ó wò ó lábẹ́. Gèlè rẹ̀ já bọ́ nígbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. "Yéè! Akòko! Ọkùnrin burúkú yìí! Akòko ló ri mọ́lẹ̀ fún wọn!"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ akòko ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Fún àwọn ọmọ òde òní tí kò mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ ni a ń já lé ẹni tí a bá fi jẹ oyè lórí, bí wọ́n bá sì ti já a lé ọ lórí, oyè ti mọ́ ọ lórí nìyẹn. Igi rẹ̀ kì í kú bọ̀rọ̀, ẹ gé e, ẹ gún un mọ́lẹ̀, á hù. Ní ilẹ̀ tiwa láyé ìgbà náà, bí ẹni méjì bá ń du ilẹ̀, àwọn àgbà á ní kí ẹni tó ń pè é ní tirẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri akòko síbẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Bó bá hù, ẹjọ́ parí, ọmọ ọmọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u. Òyìnbó yìí, òun fúnra rẹ̀ ló pe ìlú jọ! Òun ló kó ẹlẹ́rìí wá! Bí ìròyìn náà ti dé ìlú, àwọn tó ń pe Bàbá Àgbà ní Bàbá Aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ́yìn odò, wọ́n ń wo ewé, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Iṣu tí a gbìn yí i ká kò sì mọ òfin. Ó ta okùn, ó gun akòko, ó yí i ká, ó dé ibi aṣọ, ó wé mọ́ ọn, ó bò ó. Baálẹ̀ bẹ̀rù díẹ̀, ó ní ṣé kí a gé okùn iṣu náà kúrò. Bàbá Àgbà ní, "Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A kò fọwọ́ kàn án. Iṣu ló fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n wá fi okùn de iṣu."

Ìgbà tí iṣu tuntun ń wọlé ni wọ́n padà. Wọ́n ti rù, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orúnkún. Mo rí òyìnbó lójú ọ̀nà, ó ń na ọrùn, ó ń wá aṣọ rẹ̀ nínú oko tí gbogbo rẹ̀ tutù minimini. Ìlú tún ti pé sórí òkè, ẹnikẹ́ni kò pè wá lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá, ọ̀pá dà?" ni ògbufọ̀ béèrè. "Ibi tí ẹ fi í sí ló wà." Ó wọ àárín ebè, ó ya okùn iṣu sọ́tọ̀, ó rí ewé, ó já ọ̀kan, ó gbé e sójú. Bóyá ìyá rẹ̀ ti sọ fún un rí, n kò mọ̀. Ó yíjú wo òyìnbó rẹ̀. "Akòko. Bàbá, ẹ ti pa mí." "N kò pa ọ́, ọmọ mi," ni Bàbá Àgbà wí pẹ̀lẹ́. "Sọ ohun tí o rí fún un." Baálẹ̀ tí ẹ̀rù ti ń bà láti ìgbà yìí wá, òun ló bọ́ síwájú. "Sọ fún un pé òun ló pe gbogbo wa wá wò ó. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ló ri í, ó sì hù. Ilẹ̀ ti dá ẹjọ́. Bó bá kọ́ ilé síbí, ará Manigri kankan kò ní gbé ẹrù rẹ̀, òun náà kò sì ní rí iṣu jẹ láti ibí títí dé ibi tó bá ń lọ." Ògbufọ̀ sọ ọ́ ní èdè òyìnbó. Àwọn ọmọ ogun gbé ìbọn. Ẹnikẹ́ni kò sá. Bàbá Àgbà rìn lọ sídìí igi náà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì tí kò lè gòkè, ó gbé e kọjá etí, ó gbé e kọjá orí, ọwọ́ òsì náà ló sì fi já ewé akòko, ó tì í bọ fìlà rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fún pọ̀ nígbà tó padà, ìrora èjìká ni. Mo sunkún, kì í ṣe ẹ̀rù ló pa mí lẹ́kún.

Òyìnbó wo àwọn aláàárù rẹ̀ tó ti rẹ̀, ó wo agbọ̀n oúnjẹ rẹ̀ tó ti ṣófo, ó wò wá. Ó bú wa. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n èébú kì í fara pamọ́. Ó ní kí wọ́n gé igi náà lulẹ̀, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kó má ku èyí tó gùn ju apá lọ. Wọ́n gé e, wọ́n fa aṣọ wọn yọ nínú okùn iṣu, ó ya. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀nà, wọ́n ri ọ̀pá mìíràn síbẹ̀, èyí tí wọ́n bó dáadáa. Ikán jẹ ẹ́ kí òjò ọdún kejì tó dá. N kò ní parọ́ fún yín: aṣọ náà padà borí gbogbo wa, wọ́n fi agbára kó wa ṣe ọ̀nà, wọ́n gba ohun tí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò gba Etí-Òkun. Bí wọ́n ti ń lọ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá Àgbà ń ké tẹ̀ lé wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ṣeun o! Ọgbọ́n mi kò tó láti gé e bẹ́ẹ̀!" Ó yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣà á. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀." A ṣa gbogbo rẹ̀, a ri í mọ́lẹ̀ yí oko ká láti odò títí dé ọ̀nà, Ìyá Àgbà ló ri ti àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ ló hù, ọgbà náà ló ṣì yí wa ká títí dòní.

Ẹyọ kan nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mò ń ṣa igi lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ògbufọ̀ náà tó fà sẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn òyìnbó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi akòko kékeré kan, ó tì í bọ àpò. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ àti ti Bàbá Àgbà pàdé. Mo rò pé Bàbá máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn bi í léèrè pé, "Ṣé o ní ilẹ̀ létí òkun?" Ọmọkùnrin náà mi orí pé rárá. "Kò burú," ni Bàbá Àgbà wí. "Bí o bá rí i, fi ọwọ́ ara rẹ ri í o."